Ọ̀gá Àgbà àti Hóró Tí Kò Sí

Mi ò ní fi pamọ́ fún yín: mi ò fẹ́ràn ọkùnrin yìí. Ẹni tó bá ń wá ìtàn tí wọ́n ti ń bo ọ̀gá láṣìírí, kí ó lọ wá a síbòmíràn. Ẹ̀yin tí ẹ bá dúró, ẹ jókòó dáadáa, kí ẹ sì rẹ́rìn-ín nígbà tó bá pa yín lẹ́rìn-ín, nítorí pé nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ń ṣẹlẹ̀, àwọn tó wà níbẹ̀ kò gbọ́dọ̀ rẹ́rìn-ín.

Ọ̀gá Àgbà ilé ìwádìí kan ni. Akọ̀wé rẹ̀ ló máa ń ṣáájú rẹ̀ wọ gbogbo yàrá, á ní, "Ẹ dìde," gbogbo ènìyàn á sì dìde: àwọn tó wà nídìí kọ̀ǹpútà, àwọn tó ń so wáyà, títí dórí ẹni tó wà lókè àkàbà, tí yóò kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀ kí ó tó lè dìde bó ṣe yẹ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe ọ̀gá náà ní Ẹ-Dìde lẹ́yìn rẹ̀. Bí wọ́n bá ti dìde tán, Akọ̀wé á wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka oyè: "Olùdarí Àgbà Pátápátá, Ojú Tí Ń Rí Ohun Tí Ojú Ò Rí, Baba Gbogbo Ẹ̀rọ Tó Ń Ṣiṣẹ́ àti Èyí Tó Bàjẹ́." Èyí tó bàjẹ́ ló pọ̀ jù, ṣùgbọ́n ta ló máa sọ ọ́?

Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ kò le láti yé ènìyàn. Àwọn onímọ̀ kan gbà pé ó ṣeé ṣe kí hóró kan wà láyé, tó kéré, tó fúyẹ́, tí ojú kì í rí, tí ọwọ́ kì í bà, tí kì í sì í dá sí ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni. Kò sí ẹni tó rí i rí. Ó lè má sí rárá. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wá a nìyí: ẹ̀rọ gígùn kan wà lábẹ́ ilẹ̀ tó ń fi eré burúkú ju àwọn hóró iná mànàmáná lu ògiri irin kan tó nípọn. Gbogbo ohun tí a mọ̀ ni ògiri náà ń dá dúró. Bí hóró tí wọ́n ń wá bá wà lóòótọ́, òun nìkan ni yóò la ògiri kọjá bí ẹni pé kò sí ògiri níbẹ̀, tí yóò sì tú ká lódìkejì, níbi tí ẹ̀rọ mìíràn tí wọ́n sọ ní Aṣọ́de ti ń dúró dè é. Aṣọ́de ti ń ṣọ́nà láti ọdún pípẹ́. Kò tíì rí nǹkan kan.

Èyí dun Ọ̀gá Àgbà wọra. Kì í ṣe nítorí ìmọ̀ o. Sáà rẹ̀ lórí àga ń parí lọ, Mínísítà sì ti sọ fún un lójúkojú pé, "Ọ̀gá Àgbà, ẹ ti ń wá nǹkan yìí tipẹ́. Bí ẹ bá rí i kí ọdún yìí tó parí, ẹ ó máa jókòó lọ lórí àga yín. Bí ẹ ò bá rí i, ẹ ó dìde fún ẹlòmíràn." Láti ọjọ́ náà ni ọkàn rẹ̀ kò ti balẹ̀ mọ́. Àga tó jókòó sí, mọ́tò tó ń gbé e kiri, ilé tó ń sùn sí, ìjọba ló ni gbogbo wọn. Bí àga bá lọ, gbogbo rẹ̀ ló lọ.

Ó wá ku ohun kan tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀, torí pé orí rẹ̀ ni gbogbo wàhálà yìí dúró lé. Ẹni tó bá ń wá nǹkan fún ọdún pípẹ́ láìrí i, ó lè sùn lọ nídìí iṣẹ́, ó sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í rí ohun tí kò sí. Kí ojú àwọn òṣìṣẹ́ lè là sílẹ̀, àṣà kan wà nínú iṣẹ́ náà. Lọ́dọọdún, ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn á yọ́ kẹ́lẹ́ fi àmì irọ́ sínú ohun tí Aṣọ́de ti kó jọ, àmì tó jọ ti hóró gidi láìyàtọ̀. Ìdẹ ni wọ́n ń pè é, ẹni tó fi í síbẹ̀ ni onídẹ. Àwọn yòókù kò ní mọ̀. Wọn á kà, wọn á ṣírò, wọn á jiyàn, títí ẹnu wọn á fi kò. Ìgbà yẹn ni wọ́n á wá ṣe ìpàdé ìṣípayá, tí onídẹ á dìde láàárín wọn, tí á sì sọ ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ méjì: "Tèmi ni," tàbí "Kì í ṣe tèmi." Kó tó di ọjọ́ náà, onídẹ ti búra pé òun kò ní sọ ọ́ fún ẹ̀dá kankan. Bó bá sọ ọ́, iṣẹ́ ọdún kan ti gbogbo ilé ló bà jẹ́ yẹn. Ọ̀gá Àgbà nìkan ló lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ̀, òun nìkan ló sì lè tú onídẹ sílẹ̀ nínú ìbúra rẹ̀.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, Ìyá Ìbejì ni wọ́n yàn. Onímọ̀ físíìsì ni, obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, tó ti wà nídìí Aṣọ́de kí wọ́n tó gbé Ọ̀gá Àgbà dé. Ó lọ bá ọ̀gá ní ọ́fíìsì bí òfin ti wí, ó sì bá a níbi tó ti ń yan férémù fún fọ́tò ara rẹ̀ tí wọ́n fẹ́ gbé kọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Fọ́tò náà ga ju ẹni tó wà nínú rẹ̀ lọ.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ọ̀rọ̀ ìdẹ ọdún yìí ni mo bá wá. Òfin ní kí ẹ̀yin fúnra yín mú ìwọ̀n tí a máa fi sí i."

"Ìwọ̀n kí ni?"

"Ti hóró irọ́ náà, sà. Láti orí ení dé orí ọgọ́rùn-ún, èyí tó bá wù yín."

Ọ̀gá Àgbà gbé férémù kan sókè, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ara rẹ̀ nínú dígí. "Fi mẹ́tàdínlógún sí i. Nọ́ńbà ilé mi ni. Ṣé àwọ̀ wúrà yìí ò ti pọ̀ jù?"

"Ó dáa bẹ́ẹ̀, sà. Mẹ́tàdínlógún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí pé èmi àti ẹ̀yin nìkan la mọ̀ ọ́n."

"Kí ni mo gbàgbé rí nínú ilé yìí?"

Kí Ìyá Ìbejì tó pa ilẹ̀kùn dé, Ọ̀gá Àgbà ti gbàgbé. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á ti di ẹnì kẹta tó mọ̀ ọ́n báyìí, mo sì mọ̀ pé ẹ ó rántí rẹ̀ jù ú lọ.

Oṣù díẹ̀ kọjá. Àwọn tó ń ṣírò rí gegele kékeré kan tó yọrí nínú àwòrán wọn, níbi tó yẹ kí ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Wọn ò pariwo. Wọ́n tún un kà, gegele náà ò kúrò níbẹ̀. Ohun tó kàn ni kí wọ́n fọkàn balẹ̀ máa jiyàn lọ títí di ọjọ́ ìṣípayá. Àfi bí Akọ̀wé ṣe gba ẹ̀yìn wọn kọjá, tó yọjú wo kọ̀ǹpútà, tó sì ki eré mọ́lẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì ọ̀gá rẹ̀.

"Ẹ dìde," ni Akọ̀wé wí bó ṣe wọlé, nítorí pé ohun tó ti mọ́ ọn lẹ́nu nìyẹn, Ọ̀gá Àgbà sì dìde. "Sà, wọ́n ti rí i. Ó ti la ògiri kọjá. Orí mẹ́tàdínlógún ló wà."

"Mẹ́tàdínlógún kẹ̀?" Ọ̀gá Àgbà rọra jókòó padà. "Akọ̀wé, nọ́ńbà wo ló wà lára géètì ilé mi?"

"Mẹ́tàdínlógún ni, sà."

"Nínú gbogbo nọ́ńbà tó wà láyé, ti ilé mi ni hóró yìí yàn. Ṣé o mọ ohun tó túmọ̀ sí?"

"Ó mọ ilé baba rẹ̀, sà," ni Akọ̀wé wí. Irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ ló fi ń jẹun láti ìgbà tó ti gbaṣẹ́.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí n sọ àwọn àṣẹ tó pa lọ́sẹ̀ yẹn ná. Ó ní kí wọ́n máa fi orúkọ òun pe hóró náà, pẹ̀lú gbogbo oyè tó ṣáájú orúkọ, tó fi jẹ́ pé kí ènìyàn tó pè é tán, ẹnu á ti gbẹ. Ó ní kí wọ́n gbé àga kan fún hóró náà sí yàrá ìpàdé, kí ẹnikẹ́ni má jókòó sí i. Wọ́n gbé e síbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n rí i dájú pé kò ga tó ti Ọ̀gá Àgbà. Ó fòfin de gbogbo ìwọ̀n yòókù, ó ní ẹni tó bá ṣì ń wá hóró lórí méjìdínlógún ń fẹ́ da ilé ìwádìí rú ni. Lẹ́yìn náà ló wá sọ̀kalẹ̀ lọ bá ọ̀gá àwọn tó ń ṣọ́ géètì.

"Láti òní lọ, ẹ máa tú báàgì gbogbo ẹni tó bá ń jáde. Kí wọ́n má bàa jí hóró wa gbé lọ fún àwọn tó ń bá wa du iṣẹ́ yìí."

"Ó dáa, sà. Báwo ló ṣe rí?"

"Kò ṣeé rí."

"Tí mo bá fọwọ́ kàn án ńkọ́?"

"Kò ṣeé fọwọ́ kàn. Ògiri irin pàápàá ò lè dá a dúró."

Ọkùnrin náà wo báàgì tó wà níwájú rẹ̀, ó tún wo Ọ̀gá Àgbà. "Báwo wá ni màá ṣe wá a, sà?"

"Wá a dáadáa."

Wọ́n sì wá a dáadáa. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, àwọn onímọ̀ tó ti fi gbogbo ayé wọn kàwé á tò gbọọrọ lẹ́nu géètì, wọ́n á máa ṣí abọ́ oúnjẹ wọn kí aṣọ́nà lè yọjú wo inú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n àṣẹ tó burú jù lọ ni èyí: ó fagi lé ìpàdé ìṣípayá. Mínísítà ti dá ọjọ́ ayẹyẹ, àwọn àlejò ti ń bọ̀, wọ́n ti ń kun ògiri. "Kí lẹ tún fẹ́ ṣí payá?" ló bi wọ́n. "Èmi ti rí i."

Ìgbà yìí ni ọkàn Ìyá Ìbejì já. Bó bá sọ̀rọ̀, ó ti da ìbúra, kò sì sí ẹni tó máa tún fọkàn tán an mọ́ nínú iṣẹ́ náà. Bó bá dákẹ́, gbogbo ilé máa parọ́ fún ayé, orúkọ tirẹ̀ náà á sì wà nínú irọ́ ọ̀hún. Ó lọ sí ọ́fíìsì. Akọ̀wé jókòó síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́ àga.

"Sà, mo fẹ́ rí yín ní kọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ ìdẹ ni."

"Sọ ọ́ níbí. Kò sí ohun tí Akọ̀wé ò lè gbọ́."

"Òfin ò gbà bẹ́ẹ̀, sà. Ẹ jẹ́ kó bọ́ síta díẹ̀."

Ọ̀gá Àgbà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Mo mọ ohun tó gbé ọ wá. O fẹ́ kí orúkọ rẹ wà níbẹ̀. Á wà níbẹ̀, lójú ewé kejì, lápá ìsàlẹ̀."

"Kì í ṣe ìyẹn, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí nọ́ńbà tí ẹ fún mi."

"Ohun tí mo ti fún àwọn èèyàn pọ̀ lọ jàra. O ò nílò kí o tún máa wá dúpẹ́."

Akọ̀wé pàtẹ́wọ́. "Ẹ tú mi sílẹ̀, sà," ni Ìyá Ìbejì wí, ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Ẹ ṣáà sọ pé ẹ tú mi sílẹ̀."

"Ó ti rẹ̀ ọ́ ni. Lọ sinmi fún ọ̀sẹ̀ kan."

Ó jáde. Ó dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lábẹ́ fọ́tò gàgàrà yẹn, ó sunkún díẹ̀, ó nu ojú, ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ó ń dùn mí títí di òní pé kò sí ẹnì kankan tó bi í pé kí ló dé.

Nílé, ìyàwó Ọ̀gá Àgbà ń rán bọ́tìnnì mọ́ kóòtù tí ọkọ rẹ̀ máa wọ̀ lọ síbi ayẹyẹ. Olùkọ́ ni obìnrin náà, àwọn ọmọ ilé ìwé ló ti kọ́ ọ ní bí wọ́n ṣe ń béèrè ọ̀rọ̀.

"Olówó orí mi, hóró yìí, ta ló rí i gan-an?"

"Èmi ni."

"Ẹ fojú rí i?"

"Mo rí àwòrán rẹ̀."

"Àwọn tó ṣe àwòrán náà ńkọ́? Kí ni wọ́n sọ?"

"Kí ni wọ́n tún máa sọ lẹ́yìn tí mo ti sọ̀rọ̀?"

Ìyàwó fi eyín gé òwú. "Ẹ ṣáà bi wọ́n."

"Ọ̀gá wo ló ń béèrè lọ́wọ́ ọmọṣẹ́? Tí wọ́n bá lọ rò pé ó rú mi lójú ńkọ́?" Ó gba kóòtù lọ́wọ́ rẹ̀, ó wọ̀ ọ́, ó sì yí lọ yí bọ̀ níwájú dígí títí oúnjẹ fi tutù.

Ọjọ́ ayẹyẹ pé. Gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Mínísítà jókòó níwájú, ìyàwó Ọ̀gá Àgbà jókòó tì í, àwọn àlejò láti àwọn ilé ìwádìí mìíràn wà lẹ́yìn wọn. Ọ̀gá Àgbà gun orí pèpéle, ó gbọ́n ọwọ́ kóòtù, ó la ohùn.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi. Àwọn kan rí òkè, wọ́n ní àwọn rí nǹkan. Àwọn kan rí òṣùpá. Àní òṣùpá, tí ajá pàápàá ń rí. Èmi rí ohun tí kò ṣeé rí. Nígbà tí hóró yìí ń bọ̀, kò bẹ̀rù irin, kò bẹ̀rù iná, kò ka ògiri sí. Èmi nìkan ló kà sí. Gbogbo nọ́ńbà tẹ́ pẹrẹsẹ níwájú rẹ̀, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ní, 'Rárá o, mẹ́tàdínlógún ni mò ń lọ.'"

Lẹ́yìn gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ni Akọ̀wé ń ní, "Ẹ dìde," tí gbogbo gbọ̀ngàn á dìde, tí wọ́n á pàtẹ́wọ́, tí wọ́n á jókòó. Orúnkún Mínísítà kò gbádùn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ fi máa dé ìdajì, ó ti ń di apá àga mú kó tó lè gbéra, ojú rẹ̀ ò sì fi bẹ́ẹ̀ túká mọ́.

Nígbà tó parí, onímọ̀ àgbà kan nínú àwọn àlejò, màmá arúgbó kan tó wọ awò tó nípọn, nawọ́ sókè.

"Ẹ kú oríire, ọ̀gá. Ìbéèrè kékeré ni tèmi. Gbogbo wa la jọ ní àṣà yìí. Ṣé onídẹ yín ti dìde?"

Ọ̀gá Àgbà ò rántí ohun tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ rárá. Ó rò pé ọ̀kan nínú àwọn tó yẹ kó wá yin òun ni. Ó wo Mínísítà, ó tún kóòtù ṣe.

"Nínú ilé tí mò ń darí, kò sí ohun tó pamọ́. Onídẹ, níbikíbi tí o bá wà, mo pàṣẹ: dìde, kí o sọ ohun tí o mọ̀ fún gbogbo ayé gbọ́."

Ìyá Ìbejì dìde láàárín èrò. "Ṣé ẹ tú mi sílẹ̀, sà?"

"Mo tú ọ sílẹ̀ pátápátá."

"Tèmi ni," ni Ìyá Ìbejì wí.

Àwọn òṣìṣẹ́ mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn àlejò wo ara wọn. "Kí ló jẹ́ tirẹ̀?" ni Mínísítà bi màmá arúgbó.

"Hóró náà, sà. Kò sí. Arábìnrin yìí ló fọwọ́ ara rẹ̀ fi í síbẹ̀, bí a ti máa ń ṣe, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ojú àwọn òṣìṣẹ́ là. Ojú wọn là. Wọ́n gbìyànjú gan-an."

"Nọ́ńbà ilé Ọ̀gá Àgbà tó wà níbẹ̀ ńkọ́?"

"Àwọn ló ní kí n fi sí i, sà," ni Ìyá Ìbejì dáhùn. "Ìgbà tí wọ́n ń yan férémù ni."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ ẹ̀yìn. Ẹlòmíràn gbà á. Kò pẹ́ tí gbogbo gbọ̀ngàn fi ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ọdún púpọ̀ tí wọ́n ti ń gbé mì. Ọ̀gá Àgbà na ọwọ́ méjèèjì. "Ẹ dúró ná. Ta ló ní kò sí? Hóró tí a fi ọwọ́ ara wa ṣe, ṣé kì í ṣe hóró ni? Àwọn ilé ìwádìí mìíràn ń dúró de tiwọn, àwa ti ṣe tiwa." Akọ̀wé ní kí wọ́n dìde. Kò sí ẹni tó dìde, ni òun náà bá rọra jókòó.

Mínísítà kò bínú. Ó nawọ́, gbọ̀ngàn dákẹ́.

"Ọ̀gá Àgbà, ọ̀nà méjì ló wà. Ó lè jẹ́ pé ẹ mọ̀ pé irọ́ ni, ẹ sì pè mí wá kí n wá bá yín pa á níwájú àlejò. Ó sì lè jẹ́ pé ẹ gbàgbé, ẹ ò mọ̀. Èèyàn ni gbogbo wa, èmi náà máa ń gbàgbé. Tó bá jẹ́ pé ẹ ò mọ̀ ni, a máa tọrọ àforíjì, a máa jẹun, ẹ máa padà sórí àga yín lọ́la. Èwo ni?"

"Wọ́n gbàgbé ni, sà," ni Ìyá Ìbejì wí kíá. Mo ní kí ẹ mọ̀ pé òun ló sọ bẹ́ẹ̀. "Iṣẹ́ wọn pọ̀."

Ìyàwó Ọ̀gá Àgbà tẹ̀ síwájú lórí àga, ó rọra ń sọ ọ́ fún un láti ìsàlẹ̀: "Ẹ ní ẹ ò mọ̀. Ọ̀rọ̀ kúkurú ni."

Ọ̀gá Àgbà wo ìsàlẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń wò ó, àwọn oníròyìn gbé kámẹ́rà sókè, gbogbo èèyàn tó ti ń dìde fún un láti ọdún púpọ̀ wá ló wà níbẹ̀. Ó ya ẹnu. Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀fun rẹ̀, mo fi dá yín lójú pé ó dé ibẹ̀, ó sì gbé e mì.

"Kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé yìí tí mi ò mọ̀."

"Ẹ mọ̀?"

"Mo mọ̀."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìbẹ̀rẹ̀."

Irọ́ gbáà ni. Òtítọ́ ì bá gbà á sílẹ̀ ní ọjọ́ yẹn, òtítọ́ tí kò ní ná an ní kọ́bọ̀, ó sì yàn kí wọ́n pe òun ní òpùrọ́ ju kí wọ́n rò pé nǹkan kan wà tí òun kò mọ̀ lọ. Mínísítà mi orí. "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ mọ́tò sílẹ̀, àti ti ilé."

Bí òun àti ìyàwó rẹ̀ ṣe fẹsẹ̀ rìn jáde nìyẹn. Ẹni tó ń ṣọ́ géètì tú báàgì ìyàwó wò, torí pé àṣẹ ni, ẹnì kankan ò sì tíì fagi lé e. Wọ́n dúró sétí títì. Ìyàwó bọ́ bàtà rẹ̀, ó mú un dání.

"Ṣé lóòótọ́ lẹ mọ̀?"

Ọkùnrin náà wo ẹ̀yìn, ó wo iwájú. Kò sí ẹni tó súnmọ́ wọn. "Mi ò mọ̀," ló wí, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ gbígbóná wò.

Takisí kan dúró, awakọ̀ yọ orí. "Níbo là ń lọ, bàbá?"

Ọ̀gá Àgbà wo ìyàwó rẹ̀. "Ilé màmá mi ni," ni ìyàwó sọ fún awakọ̀, ó ṣílẹ̀kùn, ó ti ọkọ rẹ̀ wọlé. "Ẹ jẹ́ kí 'mi ò mọ̀' yẹn wà lẹ́nu yín o. Ìbéèrè tí màmá máa bi yín pọ̀."